Wáyálẹ́ẹ̀sì Tí Kò Ní Dírẹ́bà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò tọ̀sán tòru, ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọdẹ. Ìtàn ohun kékeré kan ni, ohun tí kò ju ìka àtàǹpàkò ọmọdé lọ, tí mo fi owó ara mi rà ní Ìbàdàn, tí ó sì mú kí n ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ, kí ojú sì tì mí níwájú bàbá tí ó bí i. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ní ibi tí kò jìnnà sí Lálúpọn, ni mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè náà yóò mọ̀ pé oko ni ó yí wa ká: ẹ̀gẹ́ ní ọ̀tún, àgbàdo ní òsì, ìwọ̀nba kòkó tí àwọn bàbá àtijọ́ fi sílẹ̀ sì wà nínú igbó lọ́hùn-ún. Láti oko ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ti ń wá sí kíláàsì, oko náà ni wọ́n sì ń padà sí bí aago ìjáde bá ti lù.

Kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Èmi pàápàá bi ara mi ní ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko mọ̀ pé níbi tí olùkọ́ kò bá pọ̀ sí, ẹni tí ó bá ti lè tan iná ni wọ́n ń sọ di oníṣẹ́-iná. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ti gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí ìhà Ẹgbẹ́dá ní sáà tí ó ṣáájú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti rí i pé èmi ni mo máa ń fi ọwọ́ ara mi tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá, tí mo ń fi àmì ohùn sórí fáwẹ́lì, tí mo sì ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ àti ṣ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá lè rí àmì fi sábẹ́ ẹ lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tí kò lè ṣe mọ́. Báyìí ni mo ṣe di babaláwo ẹ̀rọ láìkọ́ ifá rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kì í sì í ṣe eré. Máàkì iṣẹ́ kíláàsì tí gbogbo wa ń pè ní C.A., ti àwọn ọmọ 83 tí wọn yóò ṣe ìdánwò àṣejáde, ni a ní láti fi ránṣẹ́ sí àjọ ìdánwò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Aago méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì sì ni gbèdéke. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ta àpò gàrí kí wọ́n tó rí owó ìdánwò san, kí èsì rẹ̀ wá ní àléébù nítorí pé olùkọ́ kò rí nǹkan fi ránṣẹ́! Ní ọdún tí ó ṣáájú, a gbé iṣẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì da máàkì ọmọ méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí i tún ṣe. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá wa ti fi àáké kọ́rí pé iṣẹ́ náà kò ní jáde kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ wà ní yàrá àwọn olùkọ́. Àlòkù ńlá orí tábìlì ni. Windows 7 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dẹ́kun àbójútó rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Kò ní ohun tí ó lè fi gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́. Fóònù mi ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ibi méjì péré ni ó ti ń rí i dáadáa nínú ọgbà wa: orí òkúta kan lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti abẹ́ igi máńgòrò tí ó kọjú sí fèrèsé yàrá olùkọ́. Okùn fóònù kò gùn ju mítà kan lọ, igi máńgòrò sì jìnnà sí tábìlì tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà kò lè jáde lọ bá igi, igi kò sì lè wọlé wá bá kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó kù ni kí a wá ohun kékeré tí a ó tì bọ ihò USB lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, tí yóò máa bá fóònù abẹ́ igi sọ̀rọ̀ láìsí okùn láàárín àwọn méjèèjì. Òun ni àwọn oníṣòwò ń pè ní wáyálẹ́ẹ̀sì adápítọ̀.

Ní Ọjọ́rú mo wọ ọkọ̀ lọ sí Queen Cinema ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ta ẹ̀wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú un jáde nínú páálí aláràbarà, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ kàn tì í bọ̀ ọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ohun tó máa ṣe.” Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Orúkọ kan tí ń dán bí wúrà wà lára páálí náà. Àwo kékeré kan tún wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kà á sí.

Nígbà tí mo dé, igbákejì ọ̀gá wa, ìyá tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, bi mí pé kí ni mo rà. Mo ní wáyálẹ́ẹ̀sì ni. Ojú wọn yí padà. “Rédíò? Rédíò ni o wá lọ fi owó rà, tí máàkì àwọn ọmọ wà nílẹ̀?” Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi, mo rò pé mo mọ̀ jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ èdè ni, iṣẹ́ wa sì ni. Ìyá yìí kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ní ìgbà èwe wọn, wáyálẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe rédíò. Kí ìyẹn tó gbilẹ̀, àpótí Rediffusion ti dé Ìbàdàn ní 1939, okùn ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọ inú ilé. Ohun tí wọ́n bá sọ lọ́hùn-ún ni onílé yóò gbọ́, kò sì sí bí ó ti lè dá wọn lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ náà kò sì sọ àsọdùn. Ohun kékeré tí mo rà yìí, rédíò ni òun náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n rédíò tí ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń gba èsì ni. Ìgbì tí ó ń lò a máa mì ju ìgbà 2,400,000,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Hawaii ni wọ́n fi hàn ní 1971 pé a lè fi ìgbì rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ láti erékùṣù kan sí èkejì, ní 1997 sì ni àjọ àwọn ẹnjinníà tí ń jẹ́ IEEE gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde fún èyí tí à ń pè ní Wi-Fi lónìí. Bí ẹ bá ṣí àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, ti 1984 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ àti ti 1990 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n dá lé, nǹkan náà fúnra rẹ̀ kò sì tíì délé ayé. Bí wọ́n bá ní kí èmi sọ ọ́ lórúkọ, asọ̀rọ̀gbèsì ni n ó pè é. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn àpèjọ òwúrọ̀, a tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà fara ti ògiri, ọwọ́ mi kò sì wọ ibẹ̀, nítorí náà mo pe ọmọkùnrin kan ní kíláàsì S.S.2, tí ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, pé kí ó wá bá mi tì í bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọmọ yìí kò ní orúkọ rere lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún tí ó ṣáájú ni a ká a mọ́ ibi tí ó ti ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà yìí kan náà lẹ́yìn ìgbà ìjáde, a sì fìyà jẹ ẹ́ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Èmi náà wà nínú àwọn tí ó ní kí a fìyà jẹ ẹ́. Lónìí, mo ń ronú sí i. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò àṣewọlé rẹ̀ kúrò lórí ìwé sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò bá fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí di ọjọ́ ìdánwò, níbo ni a fẹ́ kí ó ti kọ́ bí wọ́n ti ń lò ó? Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, irú èrò báyìí kò sí nínú mi. Mo kàn kìlọ̀ fún un pé kí ó rọra ni.

Ó tì í bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Mo wo ojú rẹ̀ títí. Iná kékeré tí ó yẹ kí ó máa ṣẹ́jú lára nǹkan náà kò tàn, íntánẹ́ẹ̀tì kankan kò sì yọjú. Mo ní kí ó yọ ọ́, kí ó tún tì í. Bákan náà ni. Mo wá ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń to àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Device Manager. Níbẹ̀ ni mo ti rí àmì ìyanu nínú igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kan tí ń jẹ́ 802.11n NIC. Inú mi ru gùdù.

“O ti bà á jẹ́!”

“Sà, n kò bà á jẹ́. Ó dà bí pé kò ní dráífà ni, sà.”

“Ta ní bi ọ́ léèrè dráífà? O fi agbára tì í, o ti ṣẹ́ ẹ nínú. Bọ́ síta kí o lọ kúnlẹ̀.”

Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn iwájú yàrá olùkọ́ títí aago ìsinmi fi lù, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí ó tó di ìgbà ìjáde, mo ti kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kí bàbá rẹ̀ wá rí mi, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ba ohun-èlò ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà n kò lọ sílé. Bàbá ọdẹ tí ń ṣọ́ ọgbà wa gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Mo rántí àwo kékeré inú páálí, mo sì gbé e lé kọ̀ǹpútà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu tí ẹ̀rọ náà fi ń gba àwo ti kú tipẹ́. Ó ń yọ ahọ́n síta, ó ń dá a padà, kò rí nǹkan kan kà. Mo jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú fóònù, mo wá orúkọ wúrà ara páálí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí dráífà kan tí wọ́n ní ti ẹ̀rọ olórúkọ náà ni. Mo gbà á sínú fóònù, mo gbé fóònù wọlé, mo fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo da dráífà náà sí i nínú. Kọ̀ǹpútà ní òun ti gbà á. Mo pa á, mo tún un tàn. Àmì ìyeyè ṣì wà níbẹ̀ tí ń wò mí. Mo padà sábẹ́ igi, mo mú òmíràn wá. Pàbó. Ẹ̀kẹta ń kọ́, nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

“Tíṣà,” ni bàbá ọdẹ wí, “kí ló ń ṣe é gan-an?”

“Bàbá, wọ́n ní kò ní dráífà ni.”

“Dírẹ́bà?” Wọ́n rọra gbé ìbọn wọn lé ilẹ̀. “Ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó lọ? Mo rí i tí ẹ ń gbé kiní kan wọlé láti ìrọ̀lẹ́.”

“Dírẹ́bà ni mo ń gbé wá, bàbá. Mẹ́ta ni mo ti gbé wá.”

“Ṣé kì í ṣe dírẹ́bà tirélà lẹ lọ gbé sórí ọ̀kadà?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà tán, n kò lè sùn mọ́. Kí ni dráífà bí kò ṣe ògbufọ̀? Kọ̀ǹpútà ní èdè tirẹ̀, ohun tí a tì bọ̀ ọ́ sì ní èdè tirẹ̀. Ìwé àṣẹ kékeré tí ń túmọ̀ ti èkíní fún èkejì ni wọ́n ń pè ní dráífà. Bí àlejò Haúsá bá dé ọjà Bódìjà tí kò gbọ́ Yorùbá, tí a sì sáré lọ pe ògbufọ̀ tí ó gbọ́ Ìgbò fún un, ògbufọ̀ náà lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó, ọjà kò ní tà. Mo ti mú ògbufọ̀ mẹ́ta wá fún àlejò tí n kò bi léèrè ìlú tí ó ti wá. Ara páálí ni mo ti ń wò.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, mo ti wà lábẹ́ igi kí ìrì tó gbẹ. Ohun tí mo kà lórí fóònù ní àárọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fara balẹ̀ gbọ́. Kò sí ohun tí à ń tì bọ ihò USB tí kì í kọ́kọ́ ki oríkì ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà náà ti rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e jáde ní 1996. Bí ohun náà bá ti wọlé, kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, yóò pe nọ́ńbà méjì: èkíní ni ti ìdílé tí ó ti ṣẹ̀ wá, èkejì ni ti òun fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ọ, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa ni a kì í bi í. Ẹ lọ sí ibi tí àmì ìyeyè wà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún eku kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Properties, ẹ mú Details, kí ẹ sì wá Hardware Ids nínú ohun tí ó tò síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, èyí ni mo rí: VID_0BDA, PID_8179.

0BDA ni ìdílé Realtek, ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan tí ó ń ṣe irú ọkàn bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ oríṣìíríṣìí. 8179 ni ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RTL8188EU. Orúkọ wúrà ara páálí kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn tí ń ta irú nǹkan báyìí pọ̀ lọ jàra, olúkúlùkù a ra ọkàn kan náà, a fi ike tirẹ̀ bò ó, a sì tẹ orúkọ tí ó wù ú sára páálí. Nígbà mìíràn, wọn a pa ọkàn inú rẹ̀ dà sí òmíràn láìyí ohun tí ó wà lára páálí padà. Orúkọ àmútọ̀runwá nǹkan náà wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìnagijẹ ni èmi fi ń pè é mọ́jú.

Ohun kan tún wà tí ó dùn mí ju èyí lọ. Bí mo ti tì í bọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà tún dún lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ó ti dún ní Ọjọ́bọ̀. Mo yọ ọ́, ó tún dún. Mo tì í, mo yọ ọ́, mo sì tẹ́ etí sílẹ̀. Bí ó bá wọlé, ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dún, ohùn òkè yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá jáde, ohùn òkè ni yóò ṣáájú, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà ń kí àlejò káàbọ̀, ó sì ń sìn ín sọ́nà. Èmi tí mo ń ná àwọn ọmọ nítorí àmì ohùn, èmi tí mo ń fa ìlà pupa sábẹ́ iṣẹ́ wọn bí wọ́n bá kọ igbá tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìgbà, n kò gbọ́ dò-mí tí ẹ̀rọ ń dún sí mi létí. Ohun tí ó ti ṣẹ́ nínú kì í ki oríkì ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní ni kọ̀ǹpútà ti ń jẹ́rìí fún un.

Ìyókù kò gba àkókò púpọ̀. Mo wá dráífà nípasẹ̀ nọ́ńbà méjèèjì, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ti 32 ni kọ̀ǹpútà wa tàbí ti 64, mo sì rí i pé ti 32 ni. Mo gbé e wọlé nínú fóònù, mo dà á sí i. Àmì ìyeyè pòórá, iná kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo so fóònù rọ̀ sínú àpò nàílọ́nù lórí ẹ̀ka igi máńgòrò, mo sáré wọlé, mo sì bá orúkọ fóònù mi lójú kọ̀ǹpútà. Igbákejì ọ̀gá ní, “Rédíò yín ti ń fọhùn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ ṣí ojú-òpó àjọ ìdánwò, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìwé-ẹ̀rí ibi tí mo ń lọ kò tíì tó àkókò rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí adápítọ̀, àfi bí ojú mi ti bọ́ sí igun ìsàlẹ̀ níbi tí aago wà: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009. Bátìrì pẹlẹbẹ kan, CR2032, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì mẹ́ta, wà nínú irú kọ̀ǹpútà báyìí láti máa rántí àsìkò fún un bí iná kò bá sí. Tiwa ti kú nítorí ọ̀sẹ̀ tí à ń lò láìrí iná ọba kò lóǹkà. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún ojú-òpó ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò parí, lójú kọ̀ǹpútà tí ó rò pé òun wà ní 2009, a kò tíì kọ ìwé náà. Mo tún ọjọ́ ṣe, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Igbákejì ọ̀gá ń pe orúkọ, èmi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní nǹkan bí aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọmọ kẹtàlélọ́gọ́rin lọ.

Ẹ óò bi mí pé ọmọ tí mo fi kúnlẹ̀ ńkọ́? Kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ẹtì yẹn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Mo lè rán ẹnìkan sí abúlé wọn, ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí máàkì lọ ná. Nígbà tí máàkì lọ tán, mo ní ó di ọjọ́ Ajé. N kò ní parọ́ fún yín, ó nira fún mi.

Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró ní ẹnu géètì. Bàbá ọmọ náà ni, àti ọmọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ oko wà lọ́rùn bàbá, ẹrẹ̀ kò sì tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. A rí ìwé yín.” Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mú nàílọ́nù kan jáde láti inú àpò, wọ́n tú u. “Ẹgbẹ̀rún márùn-ún rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mú un ná. Tá a bá ti ta ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ yẹn lọ́jọ́ ọjà, a ó mú ìyókù wá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lé e. Mo ti bá a wí dáadáa. Ó ní òun ò ba nǹkan kan jẹ́, mo ní kó panu mọ́, pé ṣé tíṣà á wá parọ́ mọ́ ọn ni.”

Mo dìde dúró. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

“Bàbá, ẹ gba owó yín padà. Ọmọ yín kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo ṣì í mú.”

Bàbá wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí. “Ẹ tún un sọ, tíṣà.”

Mo tún un sọ. Mo sọ ohun tí ọmọ náà wí fún mi ní Ọjọ́bọ̀, mo sì sọ pé ohun tí ó wí gan-an ni ó rí bẹ́ẹ̀, pé n kò fẹ́ gbọ́ ni. Mo kọjú sí ọmọ náà, mo pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mo ní, “Má bínú sí mi.” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀. Mo ní kí ó dìde, kò tètè dìde.

Ó pẹ́ kí bàbá tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dì nàílọ́nù náà, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń dì í. Wọ́n wá ní, “Ó sọ fún mi nílé pé kò ní dírẹ́bà ni. Mo ní irọ́ ni, pé kí ló dé tí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ á fi ní dírẹ́bà. Ẹ ti wá rí i ṣá?”

“A ti rí i, bàbá.”

“Ṣé máàkì tirẹ̀ náà wà nínú èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́?”

“Ó di ọdún tó ń bọ̀, bàbá. S.S.2 ló wà.”

“Ọdún tó ń bọ̀,” ni wọ́n wí. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú ìwé tí mo kọ sí wọn jáde, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, bí wọ́n ti na owó. Mo gbà á. Wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀, àwọn méjèèjì sì gun ọ̀kadà lọ.

Ní ọjọ́ Ajé mo ra bátìrì CR2032 kan. Mo yọ okùn iná kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo tú ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ránṣẹ́ pe ọmọ náà láti kíláàsì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo fi bátìrì lé e lọ́wọ́, mo fi ojú rẹ̀ hàn án.

“Sà, ṣé kí n tì í?”

Mo ní kí ó tì í.